Má Tíì Ra Iná Yẹn

Mókọ́lá, Ìbàdàn
Ọjọ́ Àìkú, ní alẹ́

Àjàní ọ̀rẹ́ mi,

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. O ní ìgbéyàwó kan ń bọ̀ ní ìjọ yín ní Brooklyn, ìwọ ni wọ́n ní kí o wá yà á ní fídíò, iná mẹ́ta lo sì fẹ́ rà, èwo ni kí o mú nínú àwọn tí o fi fọ́tò wọn ránṣẹ́. Mo tẹ bọ́tìnì láti dá ọ lóhùn lẹ́ẹ̀mejì, mo sì pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, nítorí ọ̀rọ̀ náà pọ̀ ju ohùn ìṣẹ́jú kan lọ. Mo wá jókòó kọ lẹ́tà bíi ti ayé ijọ́un. Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé òtútù ò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe yín ní nǹkan? Ara wa le níbí. Iná ìjọba ni ara rẹ̀ ò le.

Má tíì ra iná kankan. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ọkùnrin kan fún ọ.

Bradford Young lorúkọ rẹ̀. Oníkámẹ́rà sinimá ni, irú àwọn tí àwa níbí ń pè ní DOP: òun ló ń pinnu ibi tí iná máa ti wá, bó ṣe máa pọ̀ tó, ohun tí kámẹ́rà máa rí àti èyí tí kò gbọ́dọ̀ rí. Ní 1977 ni wọ́n bí i ní Louisville, ìpínlẹ̀ Kentucky, ìlú Muhammad Ali. Iṣẹ́ ìsìnkú ni wọ́n ń ṣe nínú ẹbí rẹ̀. Mo máa ń rò ó pé ọmọ tó dàgbà sí ibi tí wọ́n ti ń tún ojú èèyàn ṣe fún ìgbà ìkẹyìn, ó ní láti mọ bí wọ́n ṣe ń fara balẹ̀ wo ojú. Èmi ni mo rò bẹ́ẹ̀ o, n ò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀.

Ọmọ ọdún 15 ni nígbà tó kó lọ sí Chicago. Lẹ́yìn náà ló wọ Yunifásítì Howard ní Washington, ibẹ̀ ló sì ti bọ́ sọ́wọ́ Haile Gerima, ọmọ Ethiopia tó ṣe sinimá Sankofa. Ìwọ náà mọ̀ pé kò sí ohun tó dà bíi kí èèyàn rí ọ̀gá tó mọ ohun tó ń ṣe. Howard yẹn kan náà ni Ernest Dickerson gbà kọjá kó tó di pé ó ń ya sinimá fún Spike Lee, ibẹ̀ náà ni Arthur Jafa gbà kọjá, ẹni tó ya Daughters of the Dust. Ó dà bí agbo ilé kan tí wọ́n ti ń bi ara wọn ní ìbéèrè kan ṣoṣo láti ìran dé ìran: báwo la ṣe ń ya ènìyàn dúdú kó fi jọ ara rẹ̀?

Ìbéèrè yẹn ò wá sí ọkàn àwa rárá. Ṣé o rántí ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá wa? Bí ẹni tó dúdú bá ti jókòó, iná méjèèjì la máa sún mọ́ ọn, a ó tún gbé èyí tó wà lókè kámẹ́rà lé e lójú. Bí fọ́tò bá jáde, ojú á ti funfun bí ẹ̀kọ, imú á ti sọnù, oníbàárà á máa dúpẹ́. Bí a ò bá sì tan iná tó, eyín àti ẹyinjú nìkan la máa rí. A gbà pé dúdú ẹni yẹn ló fà á.

Irọ́ ni, Àjàní. Fíìmù tí wọ́n ń fi sínú kámẹ́rà ló fà á. Káàdì kan wà nígbà náà tí Kodak, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe fíìmù náà, ń fi ránṣẹ́ sí àwọn ilé ìfọfọ́tò kí wọ́n lè mọ̀ bóyá àwọ̀ tó jáde péye. Àwòrán obìnrin òyìnbó kan ló wà lára rẹ̀, Shirley ni wọ́n ń pè é. Bí Shirley bá ti dára, iṣẹ́ ti parí. Èyí tó dùn mí jù nínú ìtàn náà ni pé, kì í ṣe ariwo àwọn ènìyàn dúdú ló kọ́kọ́ mú kí ilé-iṣẹ́ náà tún fíìmù rẹ̀ ṣe. Àwọn tó ń ta ṣokoléètì àti àwọn tó ń ta àga onígi ni wọ́n lọ ṣàròyé pé ọjà àwọn ò hàn dáadáa nínú fọ́tò. Igi àti ṣokoléètì ṣáájú wa dé ọ̀dọ̀ Kodak!

Ẹ̀yin náà ti ń gbé ibi tí Young ti ṣe iṣẹ́ tó kàn wá jù. Mother of George ni mo ń sọ, ọdún 2013, ní Brooklyn níbẹ̀ yẹn. Andrew Dosunmu, ọmọ Nàìjíríà tó ti ń ya fọ́tò kó tó di dáírẹ́kítọ̀, ló darí rẹ̀. Ìgbéyàwó Yorùbá ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀: Adénikẹ́ fẹ́ Ayọ̀délé, ìyá ọkọ sì ti fún ọmọ tí wọn ò tíì lóyún rẹ̀ lórúkọ, George. Oyún ò wá dé. Nígbà tó yá, ìyá ọkọ ní kí ìyàwó lọ bá àbúrò ọkọ rẹ̀. N ò ní í sọ ibi tó parí sí, wá a wò. Bukky Ajayi, ìyá wa tó dolóògbé ní 2016, ló ṣe ìyá ọkọ náà.

Àmọ́ pa ohùn rẹ̀ nígbà àkọ́kọ́, kí o máa wo iná nìkan. Aṣọ tí Mobolaji Dawodu wọ̀ fún wọn ń ké tantan, síbẹ̀ ojú wọn dúdú bí Ọlọ́run ṣe dá a. Young ò fọ ẹnikẹ́ni funfun. Yóò mú ìmọ́lẹ̀ rírọ̀ kan wá láti ẹ̀gbẹ́, á jẹ́ kó kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti iwájú orí, á sì fi apá kejì sílẹ̀ fún òjìji. Nígbà míì ìdajì ojú nìkan ló máa wà nínú àwòrán. Adúmáadán tí àwọn bàbá wa ń sọ, òun nìyẹn: dúdú tó ń dán. Mo ti ń pe ọ̀rọ̀ yẹn láti kékeré, sinimá yìí ni mo ti kọ́kọ́ rí i lójú kámẹ́rà.

Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n fún un ní ẹ̀bùn oníkámẹ́rà ní àjọ̀dún sinimá Sundance fún sinimá yìí àti fún Ain't Them Bodies Saints pọ̀. Ó ti gbà á rí ní 2011 fún Pariah. Lẹ́yìn náà ló ya Selma fún Ava DuVernay, tó jáde ní 2014, níbi tí David Oyelowo, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní England, ti ṣe Martin Luther King. Nínú àwọn yàrá tí wọ́n ti ń jíròrò ní òru nínú eré yẹn, ojú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ wọnú ògiri, o ṣì mọ ohun tó wà lọ́kàn oníkálùkù.

Sinimá Arrival ló gbé e dé Oscar, ní 2017. Òun ni ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí wọ́n máa yàn fún ti oníkámẹ́rà. La La Land ló gbà á lọ. Ṣùgbọ́n ṣé o mọ ènìyàn dúdú tó ti débẹ̀ ṣáájú rẹ̀? Remi Adefarasin, ọmọ London, fún Elizabeth tó jáde ní 1998. Adefarasin, Àjàní! Mo pariwo nílé nígbà tí mo mọ̀, ìyàwó mi rò pé ejò ni.

Kò sì ní í dára kí n máa yìn ín bí ẹni tí kì í ṣàṣìṣe. Solo, ti Star Wars, tó yà, tó jáde ní 2018, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ṣàròyé pé àwọn ò rí nǹkan kan, nítorí òkùnkùn rẹ̀ pọ̀ ju agbára púrójẹ́kítọ̀ ilé sinimá míì lọ. Èmi náà wò ó lórí lápútọ́ọ̀pù mi ní ọ̀sán, ojú ara mi ni mo ń rí nínú gíláàsì. Ẹni tó bá ń yàwòrán fún èèyàn gbọ́dọ̀ mọ irú ibi tí wọ́n ti máa wò ó. Rántí ìyẹn, nítorí orí fóònù ni àwọn ará ìjọ yín ti máa wo tìrẹ.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ iná. Awọ dúdú kì í ṣe ògiri funfun tó ń fọ́n iná ká síbi gbogbo. Bí àga ìrókò tí wọ́n kùn ló rí: ohun tó bá tóbi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló ń dán lára rẹ̀. Nítorí náà iná kékeré mẹ́ta tó ń gún èèyàn lójú ò lè ṣe é. Bí gbọ̀ngàn yẹn bá ní fèrèsé ńlá, jẹ́ kí ìyàwó jókòó kó kọ ẹ̀gbẹ́ sí i. Bí kò bá sí, ra iná kan péré, kọ ojú rẹ̀ sí aṣọ funfun tó fẹ̀, kí èyí tó padà wá láti ara aṣọ kàn wọ́n. Má gbé iná kankan lé orí kámẹ́rà.

Mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ fún ọ, kí o má baà rò pé mo ti gbọ́n. Mo dán an wò níbi ìgbéyàwó kan níbí lọ́dún tó kọjá. Nígbà tí mo fi hàn wọ́n, ìyá ìyàwó ní mo ti sọ ọmọ òun di dúdú. Ọmọ tó dúdú ju èmi lọ! Mo padà sídìí kọ̀ǹpútà, mo fi òru kan fọ̀ ọ́ títí ó fi pupa bí ọsàn, wọ́n sì san owó mi pé. Èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo máa ń ṣí i wò.

Bí o bá ti ya tìrẹ tán, kó tó di pé o fọwọ́ kan àwọ̀ rẹ̀, fi ránṣẹ́ sí mi. Bí ẹnikẹ́ni bá sì bi ọ́ pé kí ló dé tí o kò tan iná mẹ́ta, ní èmi ni mo ní kí o má tàn án.

Èmi ni,
Àkànní rẹ