Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́, ọmọ mi tó ń kàwé ní àdúgbò Quartier Latin, ní Párìsì

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú òtútù. Ara gbogbo wa le. Bàbá rẹ ti rí èsì ìdánwò tí o fi ránṣẹ́, ó sì ti fi han gbogbo ẹni tó wọ ilé yìí.

Ọ̀rọ̀ tí o sọ lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú ló mú mi jókòó kọ lẹ́tà yìí. O ní láti yàrá lo ti ń lọ sí ọgbà fáásìtì ní Jussieu, láti Jussieu lo ti ń padà sí yàrá, o ò ya ibòmíràn. O ní ti àwọn olówó ni àdúgbò yẹn, ẹsẹ̀ rẹ kì í fẹ́ wọ ibẹ̀. Mo mọ ohun tí ò ń wí. Èmi náà gbé ibẹ̀ ní ọdún tí wọ́n rán àwa akẹ́kọ̀ọ́ èdè Faransé lọ, mo sì mọ bí àwọn ilẹ̀kùn gíga-gíga yẹn ṣe máa ń ba àlejò lẹ́rù. Ṣùgbọ́n bí àdúgbò kan bá wà ní Párìsì tó jẹ́ pé àwọn ọmọ tálákà tó ti òkèèrè wá kàwé ló sọ ọ́ di ohun tó dà, Quartier Latin ni.

Robert de Sorbon tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe Sorbonne, ọmọ mẹ̀kúnnù ni, láti abúlé kan ní Ardennes. Ó di àlùfáà, ó sún mọ́ Ọba Louis Kẹsàn-án, àmọ́ kò gbàgbé ibi tó ti ń bọ̀. Ní 1257 ó dá ilé ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀kọ́ ìsìn tí kò lówó lọ́wọ́, kí wọ́n lè rí ibi sùn àti ohun jíjẹ. Bí Sorbonne ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Nígbà náà, àwọn ọmọ ilé ìwé ti ń ti England, Ítálì àti Jámánì wá, Látìnì ni wọ́n sì fi ń gbọ́ ara wọn yé. Lọ́jọ́ kan tí o bá ń lọ sí etí odò Seine, ya rue du Fouarre. Òpópónà kékeré ni, ojú kì í kà á sí. Láyé ìgbà yẹn, koríko gbígbẹ ni wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, orí rẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń jókòó sí gbọ́ ẹ̀kọ́, láìsí àga, láìsí tábìlì.

Wọ́n sì mọ bí a ṣe ń yan iṣẹ́ lódì. Ní 1229, ní àsìkò àjọ̀dún tó máa ń ṣáájú ààwẹ̀ Lẹ́ńtì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan àti ọlọ́tí kan ní Saint-Marcel ṣe gbólóhùn asọ̀ lórí owó ọtí. Ìjà náà gbòòrò títí àwọn ẹ̀ṣọ́ fi wọ̀ ọ́, tí wọ́n sì pa lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn olùkọ́ bá ti fáásìtì pa. Ọ̀pọ̀ wọn kó lọ sí ìlú mìíràn, ó tó ọdún méjì kí wọ́n tó padà. Ní 1231, Póòpù Gregory Kẹsàn-án fọwọ́ sí ìwé tó fún fáásìtì lágbára láti máa ṣe òfin ara rẹ̀, tó tilẹ̀ gbà á láàyè láti dá ẹ̀kọ́ dúró bí wọ́n bá fìyà jẹ ẹ́. Mo ń rò ó pẹ̀lú ìrora pé ìwọ tí ìyanṣẹ́lódì jẹ́ kí o pẹ́ nílé ìwé níbí, o ní ohun tó pọ̀ láti bá àwọn ògiri yẹn sọ. Ti rògbòdìyàn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní May 1968, wọ́n á ti sọ ọ́ fún ọ ní kíláàsì: òkúta ojú títì tí wọ́n hú ní rue Gay-Lussac fi dínà mọ́ àwọn ọlọ́pàá. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n pín fáásìtì àtijọ́ yẹn sí mẹ́tàlá.

Lóòótọ́, owó ilé ti lé ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ jáde kúrò níbẹ̀. École Polytechnique pàápàá, ilé ẹ̀kọ́ gíga ńlá yẹn, ti kó kúrò lórí òkè Sainte-Geneviève lọ sí Palaiseau lẹ́yìn odi Párìsì láti 1976. Nítorí náà, ìwọ tí o rí yàrá lábẹ́ òrùlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bẹ́ẹ̀dì àti tábìlì nìkan ló gbà, má ṣe gbé inú rẹ̀ bí ẹni tó fara pamọ́. Ẹsẹ̀ ni kí o fi mọ ibẹ̀. Fi métro, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, sílẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, wọ bàtà tó rọ̀, kí o jáde.

Arènes de Lutèce ni kí o kọ́kọ́ lọ, kò jìnnà sí Jussieu rárá. Ní rue Monge, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ dà bí ẹnu ọ̀nà ilé ẹnìkan lásán, o lè kọjá á láìmọ̀. Wọlé. Àwọn ará Róòmù ló kọ́ ọ ní nǹkan bí ẹgbàá ọdún sẹ́yìn fún eré àti ìjà, ilẹ̀ sì bò ó mọ́lẹ̀ títí wọ́n fi là á kàn ní 1869 nígbà tí wọ́n ń la títì. Lónìí, àwọn bàbá àgbàlagbà ló ń ju bọ́ọ̀lù irin wọn níbẹ̀, àwọn ọmọdé ń sáré kiri. Wọn kì í gba kọ́bọ̀. Gbé oúnjẹ rẹ dání, jókòó sórí òkúta, jẹun.

Bí òtútù yàrá bá fẹ́ pa ọ́, ibi tí o máa sá lọ ni ilé ìkàwé Sainte-Geneviève tó dojú kọ Panthéon, ilé ńlá tí wọ́n sin àwọn gbajúmọ̀ ilẹ̀ Faransé sí. Gba ìwé ìdánimọ̀ rẹ dání, ọ̀fẹ́ ni ìforúkọsílẹ̀, wọ́n sì máa ń ṣí i títí di aago mẹ́wàá alẹ́. Láti 1851 ni ilé yẹn ti wà, Henri Labrouste ló ya àwòrán rẹ̀. Bí o bá gun àtẹ̀gùn dé òkè, gbé ojú sókè: irin tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ ló gbé òrùlé dúró, wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n gbẹ́ ọ̀nà sí i lára, kò sì sí ẹni tó ń fi irin ṣe irú ilé ìkàwé bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Tábìlì gígùn lọ rẹrẹẹrẹ, fìtílà lórí rẹ̀, kò sí ariwo. Ó lè gba pé kí o dúró lórí ìlà níta díẹ̀, má jẹ́ kí ìyẹn lé ọ padà. Collège de France náà wà nítòsí. Láti 1530 tí Ọba François Kìíní ti dá a sílẹ̀, wọn kì í fúnni ní ìwé ẹ̀rí. Ẹnikẹ́ni ló lè wọlé gbọ́ ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, láìsan owó, láìforúkọ sílẹ̀. Wá kíláàsì kemísìrì kan níbẹ̀, kí o jókòó.

Panthéon ńkọ́? Níwọ̀n bí o kò tíì pé ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, tí ìwé ìgbélùú rẹ sì pé, o kò ní san nǹkan kan. Sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ níbi tí wọ́n sin àwọn ènìyàn sí. Wá Marie Curie. Ọmọ Poland ni, 1891 ló dé Párìsì wá kàwé, yàrá abẹ́ òrùlé ni òun náà gbé ní àdúgbò yìí, ó sì máa ń kó gbogbo aṣọ tó ní borí ara rẹ̀ lóru nítorí òtútù. Ẹ̀bùn Nobel méjì ló gbà, ọ̀kan nínú físíìsì, ọ̀kan nínú kemísìrì tí ìwọ náà ń kọ́. Ní 1995 ni wọ́n gbé e wá síbẹ̀. Lẹ́yìn náà kí o wá Félix Éboué, ọmọ Cayenne, àtọmọdọ́mọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú. Òun ni ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé wọ ibẹ̀, ní 1949. Dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ díẹ̀ fún mi.

Àmọ́ ibi tí mo fẹ́ kí o pẹ́ sí jù lọ ni Sorbonne fúnra rẹ̀ àti rue des Écoles tó wà níwájú rẹ̀. Ní September 1956, ọjọ́ 19 sí 22, àwọn òǹkọ̀wé àti ayàwòrán ènìyàn dúdú láti Áfíríkà, Amẹ́ríkà àti àwọn erékùṣù Karibéánì péjọ sí gbọ̀ngàn Descartes nínú Sorbonne. Alioune Diop, ọmọ Senegal tó dá ìwé ìròyìn Présence Africaine sílẹ̀ ní 1947, ló pè wọ́n jọ. Senghor, akéwì tó wá di ààrẹ Senegal, wà níbẹ̀, Césaire, akéwì láti Martinique, wà níbẹ̀, Fanon, dókítà àti òǹkọ̀wé láti Martinique, wà níbẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni E. L. Lasebikan, ọmọ Yorùbá, olùkọ́ láti Ìbàdàn, náà wà níbẹ̀. Ṣé o mọ ohun tó lọ sọ? Bí ohùn ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ewì Yorùbá! James Baldwin, òǹkọ̀wé ènìyàn dúdú ọmọ Amẹ́ríkà tó jókòó gbọ́ ọ, ròyìn aṣọ funfun tó gbé wọ̀ àti fìlà pupa tó dé. Kò fi aṣọ òyìnbó bora, kò wá ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn sọ. Ewì wa ló gbé lọ sí àárín Sorbonne, wọ́n sì tẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde nínú Présence Africaine lọ́dún yẹn kan náà. Ìgbàkígbà tí o bá tún fẹ́ sọ fún mi pé àdúgbò yẹn kì í ṣe ti irú wa, Àbẹ̀kẹ́, jọ̀ọ́, rántí fìlà pupa yẹn.

Àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tó kù rèé. Bí o bá wọ ṣọ́ọ̀bù, kọ́kọ́ kí wọn, “bonjour” kí o tó béèrè ohunkóhun. Ọmọ Yorùbá ni ọ́, ìkíni kò gbọdọ̀ ṣòro fún ọ. Ọjà place Monge máa ń ná ní Wẹ́sìdé, Fúráìdé àti Sọ́ńdè, lọ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ palẹ̀ mọ́. Ìwé àlòkù ni kí o máa rà ní Gibert, ní boulevard Saint-Michel. Má jẹ́ kí àwọn tó ń pe ènìyàn wọlé wá jẹun ní rue de la Huchette fi ọ̀rọ̀ dídùn gba owó rẹ. Ní ibùdókọ̀ Saint-Michel, di fóònù àti báàgì rẹ mú níwájú, olè pọ̀ níbẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, jẹ́ kí ẹnìkan mọ ibi tí o wà. Bí ó bá sì rẹ̀ ọ́, lọ mu tíì eléwé míńtì ní Mọ́sáláṣí Ńlá tí wọ́n ṣí ní 1926 láti bọlá fún àwọn Mùsùlùmí tó kú fún Faransé lójú ogun.

Mo fẹ́ rán ọ níṣẹ́ kan. Ilé ìtàwé Présence Africaine wà ní nọ́ńbà 25 bis, rue des Écoles. Wọlé, kí wọn dáadáa, béèrè bóyá wọ́n ní ìwé ìpàdé 1956 yẹn lọ́wọ́, èyí tí ọ̀rọ̀ Ọ̀gbẹ́ni Lasebikan wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá ní in, má tíì rà á. Sọ iye rẹ̀ fún mi, màá fi owó ránṣẹ́ kí oṣù tó parí.

Ọlọ́run á máa ṣọ́ ọ. Jẹun dáadáa o.

Èmi ni ìyá rẹ tó fẹ́ràn rẹ