Ìpàdé lórí ètò GT fáwọn ọmọ wa ní iléèwé ìjọba

Ẹ̀yin òbí wa ní Houston, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o. Sátidé tó ń bọ̀, aago 4 ìrọ̀lẹ́, a máa pàdé lórí Zoom nítorí ètò Gifted and Talented, ìyẹn GT, tí wọ́n ń ṣe fáwọn ọmọ tí ọpọlọ wọn jí pépé. Ọ̀pọ̀ wa ò mọ̀ pé òfin Texas ló sọ ọ́ di dandan pé kí gbogbo dísítíríìtì iléèwé wá irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ rí kí wọ́n sì ṣètò fún wọn, òbí fúnra ẹ̀ lè ní kí wọ́n dán ọmọ òun wò, kò dìgbà tí tíṣà bá sọ̀rọ̀. Tíṣà tó máa kọ́ wọn náà gbọ́dọ̀ ti gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wákàtí 30.

Ohun tójú mi rí ni mò ń sọ. Ọmọ mi ọkùnrin á ti parí iṣẹ́ ẹ̀ kíá, á wá jókòó máa fi èékánná gé rọ́bà ìparẹ́ wẹ́wẹ́ sórí tábìlì, ni tíṣà bá ń kọ̀wé sí mi pé ara ẹ̀ ò balẹ̀, odindi ọdún kan la fi bá a wí lórí ohun tí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀, ó ṣì ń dùn mí, kó tó di pé ẹnì kan ní kí n bèèrè fún CogAT, ìyẹn ìdánwò tí wọ́n fi ń mọ ọmọ tó yẹ fún GT. Ọ̀rọ̀, ìṣirò àti àwòrán ni wọ́n fi ń dán wọn wò níbẹ̀, ẹ má fi àkọ́sórí pa ọmọ kankan o, ẹ jẹ́ kó sùn dáadáa.

Ẹ mú ripọ́ọ̀tì káàdì wọn sítòsí. Ẹ jọ̀ọ́, kó tó di Ọjọ́bọ̀, kí kálukú fi kíláàsì ọmọ ẹ̀ àti dísítíríìtì wọn ránṣẹ́ síbí.