Ẹ̀sùn lórí clamp meter tí ẹ tà fún mi gẹ́gẹ́ bí AC/DC

Sí Ọ̀gá tó ń ṣàkóso ẹ̀ka ọ̀rọ̀ oníbàárà,

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Mo kọ lẹ́tà yìí láti fi ẹ̀sùn kàn yín lórí clamp meter (mítà tí a ń fi ẹnu rẹ̀ gbá wáyà mú láti wọn iná inú rẹ̀) tí mo rà lọ́wọ́ yín, nítorí pé ohun tí ẹ kọ sójú ìwé ìtajà yín àti ohun tó dé ọ̀dọ̀ mi kò bára mu, àti nítorí pé èsì tí àwọn òṣìṣẹ́ yín fún mi kò kan ọ̀rọ̀ tí mo bá wọn sọ rárá.

N kì í ṣe oníṣẹ́ iná. Ìfẹ́ tí mo ní sí iṣẹ́ náà ló ń mú mi yẹ bátìrì, páńẹ́ẹ̀lì sólà àti àwọn ẹ̀rọ kéékèèké wò nígbà tí ọwọ́ mi bá dilẹ̀. Ohun tí mo ń wá ni mítà tí owó rẹ̀ kò ga jù, tó sì lè sọ fún mi bí iná DC tó ń gba inú wáyà bátìrì kọjá ti pọ̀ tó láìjẹ́ pé mo já wáyà náà. Mo wo ọ̀pọ̀ mítà kí n tó yan tiyín, ìdí tí mo sì fi yàn án ni pé ẹ pè é ní clamp meter AC/DC, ìyẹn èyí tó ń wọn iná ilé (AC) àti iná bátìrì (DC), ẹ ní ó jẹ́ CAT III 600 V (ìwọ̀n ààbò fún ibi bíi bọ́ọ̀dù tí iná ilé ti ń pín, títí dé 600 fóòtì), ẹ sì ní gbogbo ohun èlò rẹ̀ wà nínú páálí.

Nígbà tí mo so gílóòbù iwájú ọkọ̀ mọ́ bátìrì 12 fóòtì, tí mo sì fi ẹnu mítà náà gbá wáyà pupa nìkan mú, òdo ló kọ. Mo wá fi multimeter (mítà tó ń wọn fóòtì, áḿpù àti nǹkan mìíràn) sáàárín wáyà kan náà kí iná lè gba inú rẹ̀ kọjá, ó sì kọ 4.5 A. Lójú mítà yín, àmì AC nìkan ló wà níbi tí a ti ń wọn áḿpù. Ibi fóòtì nìkan ni DC wà. Ìwé ìlò inú páálí sọ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lẹ́tà wínníwínní ni wọ́n fi kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń rajà kì í rí ìwé ìlò kó tó sanwó, kò sì sí gbólóhùn kan lójú ìwé ìtajà yín tó sọ fún un pé ẹnu mítà yìí kò mọ DC.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tà á mọ̀ jù mí lọ pé mítà náà kò bàjẹ́. Wáyà bàbà tí wọ́n wé mọ́ irin inú ẹnu rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ bíi tiransífọ́mà, tiransífọ́mà kì í sì í mọ nǹkan kan lára àfi tí agbára òòfà tó yí wáyà ká bá ń yí padà, bó ṣe rí pẹ̀lú iná AC tó ń lọ tó ń bọ̀ ní ìgbà 50 tàbí 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Agbára òòfà ti DC dúró sójú kan, nítorí náà, bí 100 A tilẹ̀ ń gba inú wáyà náà kọjá, òdo ni mítà yìí yóò máa kọ. Èyí tó lè wọn DC ní sẹ́ńsọ̀ Hall, ohun tó ń mọ agbára òòfà lára bó tilẹ̀ dúró sójú kan, nínú àlàfo tóóró tó wà lára irin ẹnu rẹ̀, ó sì sábà máa ń ní bọ́tìnnì tí a fi ń dá a padà sí òdo kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí wọn nǹkan. Ìyẹn ló ń mú owó rẹ̀ ga. Mítà tó mọ AC nìkan wúlò, kò sì burú kí ó jẹ́ ọjà pọ́ọ́kú. Orúkọ tí ẹ fi tà á ni mo ń bá yín wí.

Òṣìṣẹ́ yín kọ́kọ́ ní kí n pààrọ̀ bátìrì inú mítà, lẹ́yìn náà ló ní kí n má ṣe gbá wáyà méjèèjì pọ̀. Ìmọ̀ràn kejì yìí tọ̀nà fún wáyà ẹ̀rọ ilé, nítorí pé iná tó ń lọ àti èyí tó ń padà bọ̀ máa ń pa ara wọn rẹ́ lẹ́nu mítà. Wáyà kan ṣoṣo ni mo gbá mú, àwòrán tí mo fi ránṣẹ́ sì fi í hàn. Ó dá mi lójú pé ẹni tó dáhùn kò wo àwòrán náà.

Nítorí wáyà ẹ̀rọ ilé yìí kan náà ni mo ṣe ń retí line splitter tó wà nínú àwòrán ọjà yín, tí n kò sì bá nínú páálí. Òun ló ń ya wáyà méjèèjì sọ́tọ̀ kí a lè gbá ọ̀kan mú, ibi kan sì wà lára rẹ̀ tó ń sọ áḿpù di ìlọ́po mẹ́wàá. Mítà yín nílò irú ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀: 0.1 A ni ó kéré jù tó lè fi hàn, ìwé ìlò sì ní àṣìṣe rẹ̀ lè tó 2.5% àti díjíìtì márùn-ún (ìlọ́po márùn-ún 0.1 A yẹn), èyí tó túmọ̀ sí 0.5 A kí a tó ka ìdá ọgọ́rùn-ún mọ́ ọn. Gílóòbù 60 wáàtì lórí iná 230 fóòtì ń fa nǹkan bí 0.26 A, láti fi mítà yìí wọ̀n ọ́n lásán dà bí kí a gbé òrùka wúrà lé òṣùwọ̀n àpò símẹ́ńtì. N kò ka ìyẹn sí ẹ̀sùn, nítorí pé ẹ kọ ọ́ síbi tí mo ti rí i. Ẹ̀sùn mi ni pé ẹ ya àwòrán ohun tí ẹ kò tà, òṣìṣẹ́ yín sì ní àpẹẹrẹ lásán ni àwòrán náà.

Èyí tó ká mi lára jù ni wáyà ìdánwò pupa àti dúdú tó bá mítà náà wá. CAT III 600 V wà lára mítà, ṣùgbọ́n kò sí CAT kankan, kò sí iye fóòtì, kò sí iye áḿpù lára àwọn wáyà náà. Ṣóńṣó irin wọn gùn tó 18 mm ní ìhòòhò, kò sì ní ìdérí. Ìlànà IEC 61010-031, ìlànà ààbò àgbáyé fún wáyà ìdánwò, kò gbà kí irin tó wà níta ju 4 mm lọ fún CAT III, ìdí rẹ̀ sì yé ẹnikẹ́ni tó ti ṣí bọ́ọ̀dù tí iná ilé ti ń pín: bí ọwọ́ bá yẹ̀, irin gígùn lè kan ojú iná méjì lẹ́ẹ̀kan náà, iná tó ń bú jáde níbẹ̀ sì lè jó ọwọ́ àti ojú ẹni. Agbára mítà pẹ̀lú wáyà rẹ̀ kì í ju ti èyí tó rẹlẹ̀ jù nínú wọn lọ. Ohun tí ẹ kọ sára mítà yóò mú kí ẹni tí kò mọ̀ gbé wáyà yìí dé ibi tí kò yẹ kó dé.

Nítorí náà, mo béèrè pé kí ẹ dá gbogbo owó mi padà, pẹ̀lú owó ìfiránṣẹ́ ní àlọ àti àbọ̀, tàbí kí ẹ fi mítà tí ẹnu rẹ̀ ń wọn DC ní tòótọ́ rọ́pò rẹ̀, pẹ̀lú wáyà ìdánwò tí CAT rẹ̀ hàn lára rẹ̀. Bí èkejì bá wọ́n jù, mo ṣe tán láti san àlékún. Mo tún fẹ́ kí ẹ kọ ọ́ sínú àkọlé ọjà náà pé AC nìkan ni ẹnu rẹ̀ ń wọ̀n, kí ẹ sì kọ̀wé sí àwọn tó ti rà á ṣáájú nípa wáyà ìdánwò, nítorí pé tiwọn kò lè dúró de àtúnṣe ojú ìwé. Bí n kò bá rí èsì gidi gbà láàárín ọjọ́ 14, n óò gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ àjọ tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ oníbàárà.

Rìsíìtì, àwòrán ìdánwò, àwòrán ṣóńṣó wáyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rúlà àti ẹ̀dà ojú ìwé ìtajà yín bí ó ṣe rí lọ́jọ́ tí mo rajà wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Mítà náà ti wà nínú páálí rẹ̀, ó ń dúró de àdírẹ́sì tí ẹ bá ní kí n dá a padà sí.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Oníbàárà yín