Ẹ Wo Ìjókòó Ọmọ Kí Ẹ Tó Dá Ọwọ́ Rẹ̀ Lẹ́bi

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè láti sọ̀rọ̀ lórí àwọn ọmọ tó ní cerebral palsy, ìyẹn ìpalára tó ṣẹlẹ̀ sí ọpọlọ ọmọ kó tó gbó, bí àpẹẹrẹ, nítorí pé kò tètè ké nígbà tí wọ́n bí i, tàbí nítorí ibà pọ́njú tí a kò tọ́jú kíákíá. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n àti ẹsẹ̀ tó le ni gbogbo ènìyàn ń wò. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń béèrè irú àga tí ọmọ náà jókòó lé.

Bí ìbàdí bá ń yọ̀ lọ síwájú lórí àga, ẹ̀yìn yóò tẹ̀, orí yóò dà sẹ́yìn, ẹsẹ̀ méjèèjì yóò sì kọjá ara wọn bí àlùmọ́gàjí, débi pé gbogbo agbára tí ọmọ ìbá fi di ṣíbí mú ni yóò ná sórí kó má baà ṣubú. Ní kíláàsì mi, ọmọbìnrin kan wà tí kò lè mú ṣọ́ọ̀kì dání lórí àga rọ́bà tó ga jù ú lọ. Káfíńtà gé ẹsẹ̀ àga onígi kan títí àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ náà fi tẹ ilẹ̀ dáadáa, ó kan igi kékeré tí a fi fóòmù wé sí ibi tí yóò máa ya itan rẹ̀ méjèèjì, a fi bẹ́líìtì fífẹ̀ di ìbàdí rẹ̀ mọ́ àga, a sì gbé tábìlì sí déédé ìgúnpá rẹ̀. Ọwọ́ náà kò dẹ́kun gbígbọ̀n o, ṣùgbọ́n ó fa ìlà.

Nítorí àánú, ọ̀pọ̀ òbí máa ń fi ọmọ rọ̀gbọ̀kú sórí ìrọ̀rí, wọn a tún máa bọ́ ọ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, oúnjẹ lè gba ọ̀nà èémí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ní 1991, Ulla Myhr àti Lennart von Wendt tẹ ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe pẹ̀lú ọmọ 23. Ìjókòó tó dagun díẹ̀ síwájú, tí ìgbànú di ìbàdí mú, tí ẹsẹ̀ sì lè lọ sẹ́yìn orúnkún, ni orí ti dúró jù, tí ọwọ́ sì ti ṣiṣẹ́ jù. Kì í ṣe gbogbo ọmọ ló máa bá mu ṣá, nítorí ẹni tí ọrùn rẹ̀ kò lè gbé orí nílò àga mìíràn.

Ìdí nìyí tí kẹ̀kẹ́ arọ tí àwọn olóṣèlú ń pín níbi ayẹyẹ kò fi tẹ́ mi lọ́rùn: ìwọ̀n àgbàlagbà ló sábà máa ń jẹ́, ọmọ á kàn rì sínú rẹ̀ ni. Kí ìjọba fi owó náà gba àwọn onífisiotẹ́rápì, ìyẹn àwọn tó ń fi ìdárayá tọ́jú ara, sí ilé ẹ̀kọ́ wa, kí wọ́n máa wọn ọmọ kọ̀ọ̀kan kí káfíńtà tó mú ayùn, kí wọ́n sì tún un wọ̀n bó bá ti ń dàgbà.

Èmi ni,
Olùkọ́ àwọn ọmọ tó ní ìpèníjà ara,
Ìbàdàn.