Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bá wa tẹ iye ooru ti òru náà síta

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ra ìwé ìròyìn yín, ibi tí mo sì máa ń kọ́kọ́ ṣí ni ibi tẹ́ ẹ máa ń kọ ojú ọjọ́ sí. Nọ́ńbà kan ṣoṣo lẹ máa ń gbé síbẹ̀, Ìbàdàn 35, Èkó 33, Ìlọrin 37, ó parí. Iye tí ooru máa ga dé lọ́sàn-án nìyẹn. Nọ́ńbà kejì tẹ́ ẹ fi sílẹ̀, ìyẹn ibi tí ooru wálẹ̀ dé lóru, òun ló mú mi kọ̀wé, torí lójú tèmi òun ló ṣe pàtàkì jù fún àwọn àgbàlagbà àtọmọ ọwọ́ tó wà nínú ilé wa.

Oṣù kẹta ọdún tó kọjá, ojú wa rí nǹkan lórí ìyá mi, wọ́n ti lé díẹ̀ lẹ́ni ọgọ́rin ọdún. Lọ́sàn-án kò sí wàhálà, wọ́n á wà lábẹ́ máńgòrò níta, atẹ́gùn ń fẹ́ sí wọn, wọ́n ń jẹun, wọ́n ń bá ọmọ ṣeré. Òru ló ń dà wọ́n láàmú. Búlọ́ọ̀kù ni yàrá wọn, páànù ló wà lórí ẹ̀, iná ò sí, aago kan òru tó o bá fọwọ́ kan ògiri á ṣì gbóná bí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí iná. Nígbà tó di òru kẹta tí wọn ò rí oorun sùn ni òòyì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn, a sáré gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà, ó ní omi ti dín lára wọn, ara ò sì ríbi sinmi. Mo padà délé, mo kó ìwé ìròyìn ọ̀sẹ̀ yẹn jáde, 35 ló wà níbẹ̀, 35 náà ló wà nínú ti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ẹ̀. Kò sóhun tó lè kìlọ̀ fún wa níbẹ̀ rárá.

Nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, àpótí funfun kan wà lẹ́yìn kíláásì wa, ó dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́rin láàárín koríko, wọ́n ṣe ara ẹ̀ ní àlàfo-àlàfo kí atẹ́gùn lè máa gba inú ẹ̀ kọjá kí òòrùn má sì ràn sí tẹmómítà tó wà ńbẹ̀. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni tísà jọ́gíráfì máa ń mú wa lọ kà á. Tẹmómítà méjì ni, ọ̀kan á fi ibi tí ooru ga dé hàn ẹ́, èkejì á fi ibi tó wálẹ̀ dé hàn ẹ́, tá a bá ti kọ ọ́ tán a ó dá wọn padà sípò fún ọjọ́ kejì. Tó o bá ro méjèèjì pọ̀ tó o pín in sí méjì, wàá rí ìwọ̀n àárín ọjọ́ yẹn. Àárín yẹn náà máa ń tan èèyàn o. Ọjọ́ tí ọ̀sán jẹ́ 36 tí òru jẹ́ 20, àárín ẹ̀ 28. Ọjọ́ tí ọ̀sán jẹ́ 31 tí òru jẹ́ 25, 28 náà ni, àmọ́ ẹni tó bá sùn nínú méjèèjì mọ̀ pé wọn ò jọra.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé aago méjìlá tí òòrùn bá wà ní àtàrí ni ooru máa ń mú jù. Rárá, ooru tí ilẹ̀ ń gbà ṣì máa ń ju èyí tó ń tú jáde lọ títí di bí aago mẹ́ta, ìgbà yẹn ló sábà máa ń ga jù. Tí òòrùn bá wọ̀, ilẹ̀ á máa tú ooru ẹ̀ sójú ọ̀run díẹ̀díẹ̀ mọ́júmọ́, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìdájí ni òtútù máa ń mú jù, nígbà tí òòrùn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, kì í ṣe ọ̀gànjọ́. Nígbà ọyẹ́ afẹ́fẹ́ gbẹ, ooru ráyè jáde, ẹ lọ wo Kánò lóṣù kìíní, ọ̀sán lè tó 30 kí ìdájí wálẹ̀ sí bíi 14. Tiwa lóṣù kẹta sí ìkẹrin yàtọ̀, afẹ́fẹ́ òkun ti gbé ọ̀rinrin wá, òjò ò tíì rọ̀ dáadáa, ọ̀rinrin yẹn àti ojú ọ̀run tó ṣú wá dà bí aṣọ ìbora tí wọ́n fi bo ìlú, ooru ò ríbi gbà jáde. Òógùn ò sì ní gbẹ lára, bẹ́ẹ̀ ìgbà tí òógùn bá ń gbẹ lara fi ń tutù. Ìdí tí 33 Èkó fi lè nini lára ju 38 Kánò lọ nìyẹn.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Paris lóṣù kẹjọ ọdún 2003. Òru 11 mọ́jú 12, ooru ò wálẹ̀ ju 25.5 lọ, nílùú tí ilé wọn wà fún òtútù. Bí ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún èèyàn ló bá ooru yẹn lọ ní ilẹ̀ Faransé, àgbàlagbà ló pọ̀ jù nínú wọn, ọ̀pọ̀ ló ń dá gbé. Ti tòsí wa ńbí, ní Málì, oṣù kẹrin ọdún 2024, ooru ìlú Kayes dé 48.5, gbogbo ayé gbọ́ ìyẹn. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́ oṣù náà, èèyàn 102 ni wọ́n kà pó kú nílé ìwòsàn Gabriel Touré ní Bamako, ó lé ní ìdajì wọn tó ti kọjá ọgọ́ta ọdún, iná mànàmáná sì ń lọ lemọ́lemọ́ nígbà yẹn.

Ẹ tún bá wa ṣàlàyé fáwọn tó máa ń ya fọ́tò dáṣíbọ́ọ̀dù mọ́tò wọn tó kọ 47 sórí WhatsApp. Mọ́tò tó dúró sóòrùn lórí títì ọlọ́dà ń ka ooru ọ̀dà àti ti irin ara ẹ̀. Abẹ́ ìbòòji, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, ni wọ́n ti ń wọn ti ojú ọjọ́. Ọdún 1922 ni wọ́n kọ 58 sílẹ̀ fún El Azizia ní Líbíà, nǹkan bí 90 ọdún ni wọ́n fi pè é ní ibi tí ooru tíì mú jù láyé, ó di 2012 kí àjọ ojú ọjọ́ àgbáyé, WMO, tó fagi lé e, torí ẹni tuntun tí ò tíì mọṣẹ́ ló jọ pé ó ṣì í kà, orí ilẹ̀ tó dà bí ọ̀dà ni wọ́n sì gbé tẹmómítà sí. Ó wá ku 56.7 ti Death Valley ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1913.

Ohun tí mò ń bẹ̀ yín fún ò pọ̀. Ẹ gba nọ́ńbà méjèèjì lọ́wọ́ NiMet, àjọ ojú ọjọ́ ilẹ̀ Nàìjíríà, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ báyìí: Ìbàdàn 35/24. Láti oṣù kejì sí ìkẹrin, tó bá ti jẹ́ òru méjì mẹ́ta tí ò ní wálẹ̀ ju 25 lọ, ẹ kọ ọ́ lẹ́tà gàdàgbà. Ìyá mi ò lè kàwé, èmi ni mo máa ń ka ojú ìwé yẹn sí wọn létí lálẹ́, kí n lè tètè mọ ọjọ́ tí màá gbé ẹní àti nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn wọn jáde sí fàráńdà kí wọ́n tó lọ sùn.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín láti Ìbàdàn