Lẹ́tà sí Màmá: Ẹ Bá Mi Wá Nọ́ńbà Sójà Bàbá

Leeds,
Oṣù Kọkànlá.

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín o. Ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ kú àárò ọmọ. Orúnkún yín ńkọ́? Àbúrò mi ní òun ti gba owó tí mo fi ránṣẹ́. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ fi ra oògùn yín kó tó rò ó pé jẹnẹrétọ̀ nílò epo. Òtútù ti dé síbí ní tiwa, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni ilẹ̀ ń ṣú, ṣùgbọ́n ara mi le.

Ọ̀rọ̀ tí a sọ lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú kò kúrò lọ́kàn mi. Ẹ bi mí pé kí ni mò ń wá nínú ogun tí ẹni tó jà á fúnra rẹ̀ kò fẹ́ sọ. Mi ò dá yín lóhùn torí pé mo mọ̀ pé ìjà ni ìbá dà. Mo wá jókòó kọ èyí. Kí àbúrò mi rọra kà á fún yín, kó má sì fo ibì kankan.

Níbí, bí oṣù yìí bá ti wọlé, gbogbo èèyàn á máa fi òdòdó pupa sáyà fún ìrántí àwọn sójà wọn. Ó dà bíi ti 15 Oṣù Kìíní tiwa, tí Bàbá máa ń jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n títí wọ́n á fi tú ẹyẹlé sílẹ̀, tí kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ ọjọ́ náà fi máa ṣú. Àwọn àgbàlagbà tí mò ń tọ́jú mọ gbogbo ìtàn bàbá wọn: ẹgbẹ́ ọmọ ogun tó wà, ọkọ̀ tó wọ̀, ìlú tí ọta ti bà á. Bàbá àgbà kan bi mí pé tèmi ńkọ́. Mo ní sójà ni, kòmándò ni, nínú ogun Bìáfírà. Ó ní ìpín wo nínú wọn, ibo ló sì ti jà? Ẹnu mi wọhò.

Ẹ wo gbogbo ohun tí mo mọ̀. Fọ́tò kan wà tí wọ́n kọ "P.H. 1968" sẹ́yìn rẹ̀. Àpá wà ní itan rẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kó máa tiro bí òjò bá ti ṣú. Bí a bá sì ṣẹ́ oúnjẹ kù, á ní, "Ẹ ò tíì rí ebi Owerri." Ó tán. Ẹ̀yin náà, ẹ̀yìn ogun lẹ fẹ́ra yín; ohun tẹ́ ẹ mọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju tèmi lọ.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí. Third Marine Commando ni wọ́n ń pe ẹgbẹ́ tí Bàbá wà, ṣùgbọ́n wọn kò bá orúkọ yẹn bẹ̀rẹ̀. Àwọn sójà tó wà ní Èkó ni wọ́n kó jọ, wọ́n sì fi Benjamin Adekunle ṣe ọ̀gá wọn, ẹni tí wọ́n ń pè ní Àkekèé Dúdú, tiwa ni. (Kàdúná ni wọ́n ti bí i o, ṣùgbọ́n ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá rẹ̀, a ò sì ní gbé e fún ẹnikẹ́ni.) Ogun bẹ̀rẹ̀ ní 6 Oṣù Keje 1967. Nígbà tó fi máa di 26 oṣù náà, ọkọ̀ ogun ojú omi ti já wọn sí erékùṣù Bonny. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n gba orúkọ kòmándò. Wọ́n gba Calabar ní Oṣù Kẹwàá, Port Harcourt ní Oṣù Karùn-ún 1968, Aba àti Owerri ní Oṣù Kẹsàn-án. Kí ogun tó dé, gbogbo sójà Nàìjíríà kò ju nǹkan bí 10,000 lọ. Nígbà tó fi parí, wọ́n ti lé ní 200,000. Ta ni àwọn tó lé yẹn? Ọmọ iṣẹ́ kápẹ́ńtà, ọmọ iṣẹ́ télọ̀. Bàbá Kékeré sọ fún mi pé iṣẹ́ télọ̀ ni Bàbá ń kọ́ ní Ìbàdàn, pé ọ̀gá rẹ̀ ló ránṣẹ́ sílé pé ọmọ ti wọṣẹ́ ológun. Ìyá wọn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ní ẹni tí kò mọ òkun ni wọ́n fẹ́ gbé sójú òkun.

Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí London, sí Kew, níbi tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń kó ìwé àtijọ́ sí. Ọ̀fẹ́ ni. Èèyàn kàn máa gba káàdì ni, bírò kò gbọdọ̀ wọbẹ̀, pẹ́ńsù nìkan. Wọ́n gbé fáìlì wá fún mi lórí ogun wa, ìwé tí àwọn aṣojú wọn ní Èkó ń kọ ránṣẹ́ sílé. Àwọn ló ń ta ìbọn àti mọ́tò ogun fún ìjọba wa nígbà náà, nítorí náà wọn ò gbójú kúrò níbẹ̀. Colonel kan tó ń jẹ́ Robert Scott kọ ìròyìn gígùn lórí bí àwọn sójà wa ṣe ń jà. Kò pọ́n wọn lé. Ó ní wọ́n ń fi ọta ṣòfò, wọ́n kàn ń yìn ín sínú igbó ni. Ìwé ìròyìn Sunday Telegraph gbé ìròyìn náà síta ní Oṣù Kìíní 1970, nígbà tí ogun ń parí lọ gan-an. Ó di ẹjọ́ níbí, wọ́n ní àṣírí ìjọba ni wọ́n tú, ṣùgbọ́n ní 1971 ilé ẹjọ́ dá àwọn tí wọ́n fẹ̀sùn kàn sílẹ̀. Ẹni tí kì í ṣe òun ni wọ́n ń yìnbọn sí, ó rọrùn fún un láti máa ka ọta ẹlòmíì. Ohun tí mo rò nìyẹn bí mo ṣe ń dá fáìlì padà. Orúkọ Bàbá kò sí níbẹ̀, kò tiẹ̀ lè sí níbẹ̀.

Àwọn ọ̀gá wọn náà ti kọ ìwé tiwọn. Mo ra èyí tí mo rí, mo sì kà á. Ìjà ni wọ́n ń bá ara wọn jà: ta ló ṣẹ́gun, ta ló gba ògo tí kò tọ́ sí i, ohun tí Adekunle bàjẹ́, ohun tí Obasanjo tó gba ipò rẹ̀ ní Oṣù Karùn-ún 1969 bá nílẹ̀. Gbogbo ọ̀gá ló ní àwòrán ara rẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó ru àpótí ọta gba inú ẹrọ̀fọ̀ Bonny kọjá, wọn ò dárúkọ rẹ̀.

Mo wo fíìmù àwọn oníròyìn òyìnbó pẹ̀lú. Ojú Bàbá ni mò ń wá. Bí mo bá ti rí sójà tínínrín kan tí etí rẹ̀ nà síta, màá dá a dúró, màá sún mọ́ ọn. Màmá, gbogbo wọn ló tínínrín. Ọ̀kan wà nínú àwọn fíìmù náà tí mi ò ní sọ tán fún yín. Ọ̀gá sójà kan nínú ẹgbẹ́ Bàbá yìnbọn pa ẹni tó ti wà lọ́wọ́ wọn, lójú kámẹ́rà. Wọ́n dá ẹjọ́ rẹ̀, wọ́n sì yìnbọn pa òun náà ní Port Harcourt ní 1968, lójú kámẹ́rà bákan náà. Gowon ti tẹ ìwé òfin fún sójà láti ìbẹ̀rẹ̀: wọn ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan aboyún, wọn ò gbọdọ̀ pa ọmọdé, wọn ò gbọdọ̀ pa ẹni tó ti juwọ́ sílẹ̀, wọn ò gbọdọ̀ kó ẹrù ẹlẹ́rù. Mò ń bi ara mi bóyá ìwé yẹn wà lápò Bàbá, àti bóyá ẹnikẹ́ni kà á fún un, torí ẹ mọ̀ pé lẹ́yìn ogun ló tó kàwé alẹ́.

Ibi tí mo ń bọ̀ gan-an nìyí. Ebi Owerri. Gbogbo ọdún wọ̀nyí, mo rò pé ebi àwọn Ìgbò tó rí níbẹ̀ ló ń sọ. Àfi bí mo ṣe kà á pé Brigade 16, tí Colonel Etuk ń darí, ló wà nínú Owerri lẹ́yìn tí wọ́n gbà á, tí àwọn sójà Bìáfírà sì yí wọn ká. Wọ́n dí ọ̀nà. Mọ́tò oúnjẹ kò wọlé, mọ́tò ọta kò wọlé, ẹni tó fara gbọgbẹ́ kò jáde. Ọkọ̀ òfurufú ló ń ju ẹrù sílẹ̀ fún wọn, òmíràn nínú ẹrù náà sì ń bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó yí wọn ká. Ibẹ̀ ni wọ́n wà títí di ìparí Oṣù Kẹrin 1969 kí wọ́n tó já ara wọn gbà. Owerri sì padà sọ́wọ́ Bìáfírà títí di Oṣù Kìíní ọdún tó tẹ̀ lé e.

Bí Bàbá bá wà nínú wọn, ọ̀pọ̀ nǹkan ló yé mi. Gàárì tó máa ń fi pa mọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tí ẹ máa ń bá a jà lé lórí pé eku ló ń pè wọlé. Bó ṣe máa ń fi ọwọ́ ha ìsàlẹ̀ ìkòkò. Alẹ́ tí iná lọ, tí ọkọ̀ òfurufú kan kọjá, tó sì jáde síta nínú ṣòkòtò péńpé, tó ń wòkè.

Ẹnì kan wà tí a jọ ń ṣiṣẹ́ alẹ́, ọmọ Ìgbò ni, abúlé wọn kò jìnnà sí Owerri. Ó pẹ́ kí n tó lè sọ fún un pé kòmándò ni bàbá mi. Nígbà tí mo sọ ọ́, kò bínú. Ó ní ọmọdé ni ìyá òun nígbà náà, pé wọ́n ń pa alángbá jẹ, pé àbúrò ìyá òun méjì ni wọ́n sin sínú igbó. Mi ò rí nǹkan kan sọ. Bonny àti Port Harcourt tí àwọn Bàbá gbà ló ti ọ̀nà òkun mọ́ wọn. Èyí tó kù fún wọn ni oúnjẹ tí ọkọ̀ òfurufú ń gbé balẹ̀ lóru ní pápá ọkọ̀ òfurufú Uli. Àwọn ọmọdé tó kú kò níye. Ọ̀rọ̀ tí Adekunle sì ń sọ fún oníròyìn nípa oúnjẹ àrànṣe nígbà náà, ojú ń tì mí láti kà á, ọmọ ìlú wa tàbí ọmọ ìlú kọ́. Ẹni tí ebi pa nínú ìlú, ẹni tí ebi pa lẹ́yìn ìlú, mi ò lè sọ ti ọ̀kan kí n gbé èkejì pa mọ́. Bí mo bá fẹ́ máa fi Bonny yangàn fún àwọn ọmọ mi, mo gbọ́dọ̀ sọ ìyẹn náà fún wọn.

Ẹ má bẹ̀rù pé mo fẹ́ ba Bàbá lórúkọ jẹ́. Ibi tó wà ni mo fẹ́ mọ̀, àti ìgbà tó wà níbẹ̀.

Nítorí náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí àbúrò mi ṣí àpótí onírin yẹn. Nọ́ńbà sójà Bàbá ni mo nílò jù. Á ní NA (Nigerian Army) láàárín, iye tó wà níwájú NA sì lè jẹ́ ọdún tó wọṣẹ́, bíi 67. Ẹ rántí pé ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń yẹ ìwé àwọn tó fẹ̀yìntì wò, wọ́n ní àwọn ò rí fáìlì rẹ̀. Nọ́ńbà yẹn nìkan ló lè jẹ́ ká tún béèrè. Kó wo ìwé tí wọ́n fi dá a sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Kó wo bóyá káàdì ilé ìwòsàn Igbobi wà níbẹ̀, torí pé ibẹ̀ ni Bàbá Kékeré ní òun ti lọ wò ó. Déètì tó bá wà lórí káàdì yẹn á sọ fún mi bóyá ó ti fara gbọgbẹ́ kí wọ́n tó wọ Owerri tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Kó ya fọ́tò gbogbo ìwé, iwájú àti ẹ̀yìn, kó má fi ọwọ́ tútù kan wọ́n.

Bàbá Kékeré ńkọ́? Àárọ̀ ni kó lọ bá wọn, kí oorun tó gbé wọn. Kó fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀, kó má dá ọ̀rọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu, kó sì bi wọ́n léèrè ọ̀rẹ́ Bàbá tó máa ń wá láti Ọ̀yọ́, èyí tí ìka rẹ̀ kò pé, tí wọ́n jọ máa ń jókòó sábẹ́ igi lóṣù kìíní. Bí bàbá yẹn bá ṣì wà láyé, màá rán owó mọ́tò. Kí wọ́n má jẹ́ kó di ọdún tó ń bọ̀.

Bí ẹ bá sì mọ nǹkan kan tí Bàbá sọ fún yín lóru, tó ní kẹ́ ẹ má sọ fún wa, mi ò ní fipá gbà á. Ẹ kàn sọ fún mi pé nǹkan wà, kí n mọ̀.

Àwọn ọmọ kí yín. Èyí àbígbẹ̀yìn ti ga jù mí lọ, etí Bàbá ló sì gbé wá sáyé. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, àti àwọn ìyá ìjọ.

Èmi ni ọmọ yín,
Àbẹ̀kẹ́

Mo gbàgbé: kọ́kọ́rọ́ àpótí náà wà nínú agolo Bọ́ńfítà lókè kọ́bọ́ọ̀dù, bí wọn ò bá tíì gbé e kúrò. Kó má fọ́ àgádágodo o.