A kì í tojú oníka mẹ́sàn-án kà á: lẹ́tà sí ẹ̀yin ọmọ tó ń ṣe àwàdà

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ọmọ-ọmọ mi gbé fóònù rẹ̀ wá bá mi níbi tí mo ti ń ṣa ẹ̀wà. Àwàdà àtijọ́ kan ló ń wò, ọ̀kan nínú àwọn tí a máa ń fi kásẹ́ẹ̀tì wò ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn. Ọkọ kan gbá ìyàwó rẹ̀ létí, ìyàwó ṣubú lé àwo ọbẹ̀, gbogbo ará ilé bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màmá àgbà, ṣé ohun tí ẹ fi ń rẹ́rìn-ín nìyí?"

N kò rí èsì fún un lọ́jọ́ náà. Lẹ́tà yìí ni èsì náà, gbogbo yín ni mo sì kọ ọ́ sí, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ̀ ń fi fóònù ṣe àwàdà tí ẹ̀ ń gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, torí ọ̀rọ̀ náà kàn yín jù mí lọ.

Èmi ni wọ́n ń pè ní Ìyá Kásẹ́ẹ̀tì l'Óṣogbo nígbà kan. Mo ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń yá àwọn èèyàn ní fíìmù, kò sì sí aláwàdà tí kò gba ọwọ́ mi kọjá. Mo gbọ́ pé àwọn kan nínú yín ní kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ dànù, pé èébú lásán ni. Ó dùn mí nígbà tí mo gbọ́ ọ.

Ẹ mú Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, Bàbá Sàlá wa, tó kú ní oṣù Kẹwàá ọdún 2018. Ẹ̀yin tí ẹ kò bá a láyé, ẹ wá àwòrán rẹ̀ wò: gíláàsì ojú tó tóbi bí àwo, táì tó fẹ̀ bí ìyẹ́ labalábá, aago ńlá tí èèyàn ń gbé ka orí tábìlì tó so mọ́ ọrùn ọwọ́. Kó tó la ẹnu, a ti ń rẹ́rìn-ín. Ta là ń fi rẹ́rìn-ín? Òun fúnra rẹ̀ ni. Ahun ló máa ń ṣe, ahun tó gbọ́n lójú ara rẹ̀, tí ọgbọ́n náà sì ń padà dà lé e lórí. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni, àwọn tí gbogbo Yorùbá ń pè ní Òṣómàáló, torí pé bí wọ́n bá ta aṣọ láwìn, wọn a lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹni tó jẹ wọ́n títí wọn yóò fi gba owó wọn. Lójú tèmi, ohun tí ayé fi ń bú ilé wọn ló mú, ó gbé e wọ̀ bí ẹ̀wù, ó sì jó níwájú wa. Ta ni yóò bínú sí irú ẹni bẹ́ẹ̀? (Nígbà tó ṣe Ọ̀run Móoru ní 1982, ayédèrú kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ni àwọn olè tà káàkiri, wọ́n jẹ ẹ́ run. Èmi tí mo jẹun nídìí kásẹ́ẹ̀tì, ọ̀rọ̀ yẹn ń dùn mí títí dòní.)

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn ló rí bẹ́ẹ̀, n kò sì ní parọ́ fún yín.

Aránbàtà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi. Àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ti mú un láti kékeré, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti rọ. Kò sí ẹni tí ẹnu rẹ̀ dùn tó tirẹ̀ ládùúgbò. Bí oníbàárà bá gbé bàtà tó ti jẹ tán wá, á gbé e sétí, á ní kí gbogbo wa dákẹ́, bàtà ń ṣe ìhágún. Láti orí àpótí tó ń jókòó lé ló ti máa ń wo fíìmù lójú fèrèsé mi, n kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ rí.

Lálẹ́ ọjọ́ kan tí iná wà, ṣọ́ọ̀bù kún. Àwọn ọmọ ilé-ìwé jókòó sílẹ̀, àwọn ọlọ́kadà dúró sẹ́nu ọ̀nà. Òṣèré kan nínú fíìmù bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ìdí nílẹ̀, ó ń yí ojú, ó ń yí ẹnu, ó ń ṣe bí arọ tó ń lé obìnrin. Ẹ̀rín bú. Lẹ́yìn náà ni mo rí i tí orí ń yí lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń wo ojú fèrèsé. Òun náà rẹ́rìn-ín. Bàtà kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó ń rán, abẹ́rẹ́ ti wọ inú awọ dé ìdajì, kò fà á jáde. Ẹ̀rín tán, abẹ́rẹ́ ṣì wà níbẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn, ó yí àpótí rẹ̀ kọjú sí títì. Ó tó oṣù mẹ́ta kí n tó bi í. Ó ní, "Ìyá Kásẹ́ẹ̀tì, ẹ̀fẹ̀ yẹn kò dùn. Arọ kì í wọ́ báyẹn. Ẹni tó ṣe é kò wo arọ rí."

Mo ti rò ó títí, ẹ̀yin ọmọ mi. Òwe wa ní a kì í tojú oníka mẹ́sàn-án kà á. Òwe náà kò ní ká má ka ìka, kò sì ní ká ṣe bí ẹni pé ìka náà pé mẹ́wàá. Ojú ló ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àwọn baba wa kò mọ èébú. Wọ́n mọ̀ ọ́n jù wá lọ. Ìbàdàn ń ṣe ọdún Òkè'Bàdàn lóṣù Kẹta títí di òní. Orin tí wọ́n ń kọ láàárín ìgboro lọ́jọ́ náà, n kò lè kọ ọ́ sínú lẹ́tà yìí. Ohun tó wà lábẹ́ aṣọ ọkùnrin àti obìnrin, wọn a dárúkọ rẹ̀ ní gbangba, a kò sì gbọ́dọ̀ bínú. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá mọ́ lọ́jọ́ kejì tí o kọ irú orin bẹ́ẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ẹnì kan, ìjà lo wá lọ. Ẹ̀fẹ̀ ní ọjọ́ tirẹ̀, ó sì ní àgbàlá tirẹ̀.

Àwọn alárìnjó, òṣèré ayé àtijọ́ tó ń rìn kiri ṣeré, náà máa ń sín àlejò jẹ. Nígbà tí Clapperton, òyìnbó ọmọ Scotland, dé Ọ̀yọ́ Ilé ní 1826, wọ́n ṣeré fún un níṣojú Aláàfin. Ẹni funfun kan jáde nínú eré náà, ó rù kan eegun, òtútù ń mú un, ó ń fín aáṣáà, ó ń fọwọ́ ra ọwọ́, ó ń rìn bí ẹni tí ilẹ̀ ń gún lẹ́sẹ̀. Òyìnbó ni wọ́n ń sín jẹ, òyìnbó sì jókòó síbẹ̀! Àwọn èèyàn ń yíjú sí i pé kó wò ó dáadáa. Clapperton kọ ọ́ sínú ìwé ìrìnàjò rẹ̀ pé òun ṣe bí ẹni tí inú rẹ̀ dùn bíi tiwọn. Àlejò tó ní ìjọba lẹ́yìn ni, ẹ̀fẹ̀ kan kò lè gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Aránbàtà mi ńkọ́?

Fíìmù ló gbé ẹ̀fẹ̀ kúrò lágbàlá. Òṣèré orí pèpéle ń rí ojú wa. Bí gbọ̀ngàn bá dákẹ́ lójijì, yóò yí ọ̀rọ̀ padà kíá. Kámẹ́rà kì í rí ojú ẹnikẹ́ni. Tiyín tún wá le ju tiwa lọ, torí fóònù ń ka ìka níṣojú gbogbo oníka mẹ́sàn-án láti Òṣogbo dé Lọ́ńdọ̀nù, tọ̀sán-tòru, ẹ kò sì ní sí níbẹ̀ láti rí abẹ́rẹ́ tó dúró sínú awọ.

Kristẹni ni mí, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ìtàn Ọbàtálá lẹ́nu ìyá mi àgbà. Òun ni wọ́n ní ó ń mọ ara ènìyàn, pé ẹmu tó mu lọ́jọ́ kan ló jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ ṣì, tó fi mọ abuké àti arọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn olóòṣà rẹ̀ kì í fi í fẹnu kan ẹmu, tí wọ́n sì ń pe irú àwọn wọ̀nyí ní ẹni òòṣà. Ẹ wo bí ìtàn náà ṣe lọ: ẹni tó mọ wọ́n ló ru ẹ̀bi, kì í ṣe wọn. Ní oṣù Kínní ọdún 2019 ni Nàìjíríà ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí òfin tó de àwọn tó bá ń ya àkàndá ẹ̀dá sọ́tọ̀, ẹni tó bá rú u lè san 100,000 náírà tàbí kó lọ ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Ó dára. Ìtàn ìyá mi àgbà ti ń sọ ọ́ tipẹ́.

Ẹ̀yin ọmọ wa tó wà ní ìlú ọba, ẹ̀yin náà rí irú rẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 2020, nígbà tí UKTV, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣàn kan níbẹ̀, yọ apá kan nínú Fawlty Towers, àwàdà tẹlifíṣàn ọdún 1975, kúrò lórí ìkànnì wọn, torí ọ̀rọ̀ ẹ̀gàn tí sójà arúgbó kan sọ nípa aláwọ̀ dúdú. Kò pẹ́ tí wọ́n fi dá a padà, wọ́n sì fi ìkìlọ̀ ṣáájú rẹ̀. John Cleese tó wà nínú eré náà bínú, ó ní arúgbó yẹn gan-an ni àwọn ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n ọmọ aláwọ̀ dúdú tó jókòó nínú pálọ̀, èébú náà ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ kó tó mọ ẹni tí ẹ̀fẹ̀ ń bá wí. Ìkìlọ̀ yẹn tọ́. Ìyá máa ń sọ fọ́mọ pé ọbẹ̀ gbóná, kì í da ọbẹ̀ nù.

Ọmọ-ọmọ mi, mo padà sórí ìbéèrè rẹ. Bẹ́ẹ̀ ni, a fi ìgbátí yẹn rẹ́rìn-ín. Àwọn obìnrin ló yá kásẹ́ẹ̀tì náà jù. Ọ̀pọ̀ wọn ni ọkọ ń nà nílé, tí kò sí ẹni tí wọ́n lè rò ó fún, àfi kí wọ́n wá sí ṣọ́ọ̀bù mi wá fi rẹ́rìn-ín. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa fíìmù náà rẹ́, torí ẹ̀rí ni. Bí ẹ bá sun ún, ta ni yóò gbà pé bẹ́ẹ̀ la ṣe gbé ayé? Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ̀ ń tún un ṣe lónìí, tí ẹ̀ ń gbá obìnrin létí nítorí kí èèyàn lè pín in kiri, ta ni ẹ̀ ń jẹ́rìí fún? Bákan náà ni mẹ́gáàdì ọmọ Hausa tí ẹ máa ń sọ di ẹni tí kò mọ nǹkan kan torí pé Yorùbá rẹ̀ kò já geere. Ọkùnrin yẹn gbọ́ èdè méjì.

Ẹ bá ọlọ́pàá tó ń gba rìbá ṣẹ̀fẹ̀. Ẹ bá òṣèlú ṣẹ̀fẹ̀, ẹ bá wòlíì èké ṣẹ̀fẹ̀, ẹ bá àwa àgbà náà ṣẹ̀fẹ̀, a ó rẹ́rìn-ín. Bí ẹ bá sì fẹ́ fi arọ ṣe àwàdà, arọ wà tó mọ àwàdà. Ẹ pè é, ẹ san owó rẹ̀, ẹ ka ọ̀rọ̀ náà sí i létí kí ẹ tó gbé kámẹ́rà. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá dúró, kí ẹ̀yin náà dúró, kí ẹ bi í. Gbogbo ọdún tí èmi àti aránbàtà yẹn fi jókòó ẹ̀gbẹ́ ara wa, ẹni tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ lè mú òkú rẹ́rìn-ín, kò sọ sí ẹnì kankan nínú wa lọ́kàn láti sọ fún un pé kó lọ ṣeré.

Mo ṣì ní kásẹ́ẹ̀tì mẹ́rìnlélógún nínú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹni tó bá mọ ibi tí mo ti lè rí ẹ̀rọ tó ṣì lè fi wọ́n hàn, kó bá mi gbé e wá, ká jọ wò wọ́n. Ọmọ-ọmọ mi ti ní òun yóò jókòó tì mí, òun yóò sì máa bi mí ní ìbéèrè.

Èmi ni ìyá yín,
Ìyá Kásẹ́ẹ̀tì, Òṣogbo.